Marvel's Spider-Man 2: gémù yìí dùn, àmọ́ owó tó jẹ ti ń pọ̀ jù

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbá gémù yìí parí lórí PS5 (PlayStation 5, ẹ̀rọ gémù Sony) kí n tó kọ nǹkan kan nípa ẹ̀, torí mi ò fẹ́ kó jẹ́ ìdùnnú ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ó dùn, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ gan-an, Sandman, ọ̀tá tó jẹ́ iyanrìn, ti tóbi ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ, ó ń wó New York kiri, Peter àti Miles, àwọn Spider-Man méjèèjì, ń fò mọ́ ọn lórí. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ máa na ìyẹ́ tó wà lábẹ́ apá aṣọ wọn, atẹ́gùn á gbé yín láti Manhattan sọdá odò dé Queens, tẹ́ ẹ bá sì gba ẹ̀gbẹ́ ilé gíga kọjá ẹ máa rí ara yín nínú gíláàsì wíńdò.

Wíńdò yẹn ni mo fẹ́ ká wò dáadáa. Láyé PS2, ẹ̀rọ PlayStation àtijọ́, àwòrán pẹlẹbẹ kan ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri, ó ti di wíńdò nìyẹn. Ní báyìí, ó gbọ́dọ̀ dán, ó gbọ́dọ̀ ní yàrá nínú, ẹnì kan á ya àga tó wà nínú yàrá yẹn, ẹlòmíì á tan iná sí i, ẹlòmíì á tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan ti bàjẹ́, gbogbo wọn ló sì ń gba owó oṣù fún ọdún bíi mélòó kan. Ibẹ̀ lowó ń bá lọ o, owó oṣù èèyàn. Nígbà tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì jí fáìlì Insomniac, ilé iṣẹ́ tó ṣe gémù yìí, tú síta ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, a rí i pé gémù kan ṣoṣo yìí jẹ bíi mílíọ̀nù 300 dọ́là. Spider-Man àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018 kò tó ìdajì ẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan náà, ìwé ilé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2023 yẹn ti fi hàn pé nínú àwọn gémù Sony míì, The Last of Us Part II jẹ mílíọ̀nù 220 dọ́là, Horizon Forbidden West jẹ mílíọ̀nù 212.

Èwo ló wá wọ̀ mí lọ́kàn jù? Bàbá arúgbó kan nínú gémù náà, Howard, tó ní kí n bá òun kó àwọn ẹyẹlé òun lọ sílé tuntun. Kò sí ìjà, kò sí nǹkan tó ń bú gbàù, èmi àti ẹyẹ la jọ ń fò, mi ò ní sọ bó ṣe parí àmọ́ omi bọ́ lójú mi. Ibi tẹ́ ẹ ti máa di Hailey náà, ọmọbìnrin tí kì í gbọ́ràn, ariwo ìlú á kàn rọlẹ̀ wẹ́lẹ́. Ẹnì kan lè sọ pé orí ìlú olówó ńlá yẹn náà làwọn ẹyẹ ti fò. Òótọ́ ni, àmọ́ mi ò wo wíńdò kankan nígbà yẹn, ẹyẹ ni mò ń wò.

Ohun tó dùn mí ni pé gémù yìí tà ju mílíọ̀nù 10 lọ nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2024, oṣù yẹn kan náà ni Sony, tó ni Insomniac, ní àwọn máa dá èèyàn bíi 900 dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó sì kan àwọn Insomniac. Tí gémù bá tà tó báyìí tí àwọn tó ṣe é kò tún lè fọkàn balẹ̀, ó yẹ ká dín nǹkan tá à ń kó sínú ẹ̀ kù. Spider-Man: Miles Morales ti 2020 kéré, kò gùn, 50 dọ́là ni wọ́n tà á nígbà tí èyí jẹ́ 70, mo sì gbádùn ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Irú ẹ̀ ni kí wọ́n máa ṣe sí i fún wa, mo máa rà á.

Máàkì tèmi, 8 nínú 10. Ìtàn Venom, ọ̀tá ńlá inú gémù yìí, pẹ́ kó tó dé, ó sì yára tán. Tẹ́ ẹ bá rà á, ẹ má fo àwọn iṣẹ́ kéékèèké o, tẹ́ ẹ bá sì ti dé ọ̀dọ̀ Howard, ẹ fi fóònù sílẹ̀.