Pákó amọ̀ tí wọ́n fi ń ṣọ́ mínkì lójú odò: mo ti lò ó, ẹ gbọ́ bó ṣe rí

Ẹ̀yin èèyàn mi, nǹkan tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí ni pákó kan tó máa ń léfòó lórí omi, òun ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá mínkì, ẹran kékeré tẹ́ẹ́rẹ́ onírun kan tó ń pa eku odò jẹ, ń rìn lójú odò tàbí kò rìn níbẹ̀. Ó ti ń lọ sí ọdún méjì tí mo ti ń lò ó lójú odò kékeré kan ní Ìlú Ọba, àwọn èèyàn sì ń bi mí pé ṣé ó ń ṣiṣẹ́, àwọn míì ń bi mí pé ṣé ó tiẹ̀ dáa kéèyàn máa pa ẹran kan, ìyẹn mínkì, torí ẹran mìíràn, ìyẹn eku odò. Màá dáhùn méjèèjì.

Pákó pẹlẹbẹ ni, wọ́n fi fóòmù funfun líle sí i láàárín kó má bàa rì. Wọ́n á gbẹ́ ihò sí i, apẹ̀rẹ̀ kékeré kan á wọ inú ihò yẹn. Fóòmù tí àwọn tó ń to òdòdó máa ń lò ló wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ iyanrìn ló wà lókè ẹ̀, fóòmù á máa fa omi odò gòkè kí amọ̀ má gbẹ, wọ́n á wá fi pákó kan ìbòrí lé e bí ilé kékeré tó ṣí níwá tó ṣí lẹ́yìn. Mínkì kì í rí ihò kó má yọjú wò ó, bó bá ṣe gba ibẹ̀ kọjá báyìí, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wà nínú amọ̀. Game & Wildlife Conservation Trust, àjọ kan ní Ìlú Ọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹran igbó, ló gbé e jáde, kò sì sí nǹkan kan nínú ẹ̀ tí ẹni tó mọ ayùn lò ò lè fọwọ́ ara ẹ̀ kàn.

Amọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ṣí ìbòrí, mo rí ẹsẹ̀ eku wínníwínní, mo rí ẹsẹ̀ ẹyẹ odò kan tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba àárín kọjá, àmọ́ lórí gbogbo wọn, ẹsẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó rí bí ìràwọ̀, ṣóńṣó èékánná ẹ̀ gún amọ̀ bí abẹ́rẹ́. Àyà mi já, torí mo mọ ẹni tó kọjá.

Ṣé ẹ mọ̀ pé mínkì yìí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Àríwá Amẹ́ríkà ló ti wá, wọ́n kó o wá sí Bìrìtéènì láàárín ọdún 1920 sí 1929 torí irun ara ẹ̀ tí wọ́n fi ń rán kóòtù, àwọn kan já lọ, nígbà tó sì di 1956 wọ́n rí i dájú pé ó ti ń bímọ nínú igbó ní Devon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Eku odò ibẹ̀ (water vole), olójú kékeré tí kì í ṣe eku ilé rárá, ohun tó gbójú lé ni kó bẹ́ sómi kó sì sá wọ ihò ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹran tó ń dọdẹ ẹ̀ ò lè tẹ̀ lé e wọbẹ̀. Abo mínkì lè wọ ọ́, torí ara ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ibi tí eku sá sí náà ni yóò ti ká a mọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀. Nínú eku odò tó wà tẹ́lẹ̀, ó ju ìdá 90 nínú 100 tó ti lọ. Òótọ́ ni pé bíba etí odò jẹ́ wà lára ohun tó fà á, mo gbà. Àmọ́ àwọn tó ní ká kàn tún etí odò ṣe ká fi mínkì sílẹ̀, mi ò bá wọn lọ, koríko tútù ò lè dí ẹnu ihò.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹ ó gbé tàkúté onírin tó ń mú ẹran láàyè sínú ilé yẹn. Ibi tí iṣẹ́ wà nìyẹn o. Ojúmọ́ kan ò gbọdọ̀ kọjá kẹ́ ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò, òjò ni o, yìnyín ni o. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó máa ń fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí fóònù tí ilẹ̀kùn tàkúté bá ti pa dé, ó wúlò gan-an, àmọ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá ti dáa ẹ má gbọ́kàn lé e. Ẹran mìíràn tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ tó bá kó sí i, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un kó máa lọ. Mínkì, òfin ò gbà kẹ́ ẹ tú u sílẹ̀ padà, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ló gbọdọ̀ pa á kíákíá, rírì í sómi kò dáa rárá, ìyà ni, òfin sì lòdì sí i. Bàbá kan ládùúgbò wa ló máa ń bá wa ṣe é. Mo máa ń dúró tì í ní gbogbo ìgbà, torí èmi ni mo dẹ tàkúté, ẹran yẹn ò sì pe ara ẹ̀ wá síbẹ̀. Ó máa ń dùn mí. Síbẹ̀ mo ṣì ń dẹ ẹ́.

Àléébù tí mo rí: okùn tí mo kọ́kọ́ fi so ó kúrú jù, omi kún lóru, okùn ò jẹ́ kí pákó bá omi gòkè, gbogbo ẹ̀ dojú dé, tàkúté wà nínú omi. Ọpẹ́ ni pé kò sí ẹran nínú ẹ̀, mi ò bá má lè dárí ji ara mi. Ẹ jẹ́ kí okùn gùn dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kejì, pákó kan ṣoṣo ò lè dá a ṣe. Mínkì máa ń rìn jìnnà létí odò, tẹ́ ẹ bá mú èyí tó wà lọ́dọ̀ yín, òmíràn á gba ipò ẹ̀, àfi tí àwọn tó wà lókè odò àti nísàlẹ̀ ẹ̀ bá jọ gbé tiwọn sómi. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dá a ṣe, mi ò rí àyípadà kankan. Nígbà tí a di mẹ́fà ló tó yàtọ̀.

Lóṣù karùn-ún tó kọjá mo rí koríko tí wọ́n gé dagẹ̀rẹ̀ létí omi, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, wọ́n kó o jọ sójú kan, àmì eku odò nìyẹn. Mo dúró jẹ́ẹ́. Kò pẹ́ mo gbọ́ "pọ̀ọ́" nínú omi, ibi tí mi ò ti gbọ́ ọ rí láti ìgbà tí mo ti ń lọ síbẹ̀. Ẹ bá mi wá ẹni keje tí ilẹ̀ ẹ̀ kan odò nísàlẹ̀, pákó ẹ̀ ti wà nílẹ̀.