WinMTR tú àṣírí ẹ̀yìn fíríìjì mi

Ohùn ni ọjà mi. Ìbàdàn ni mo jókòó sí, London ni àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní Yorùbá wà, orí Zoom la sì ti ń pàdé lọ́jọọjọ́ Sátidé. Ẹ wò ó ná: bí mo bá pe igba, igbá àti ìgbà, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bu ohùn náà jẹ díẹ̀, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jọ létí ọmọ tí wọ́n bí sí Peckham. "Àǹtí, ẹ tún ti di ère!" Odidi oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi kọ orin yẹn sí mi létí.

Àbúrò mi ló ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yéé ra dátà lé dátà, ẹ gbé WinMTR sórí láptọ́ọ̀pù yín." Ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń bà jẹ́ hàn ni. Ọ̀fẹ́ ni, fáìlì kékeré báyìí, kò ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀. Windows nìkan ló ń bá ṣiṣẹ́. Ojú ẹ̀ ò wuni rárá, bí ìwé gbèsè ìyá alájàpá ló rí: ìlà àti nọ́ńbà, ìlà àti nọ́ńbà. Ẹ kọ zoom.us síbi tó pè ní Host, ẹ tẹ Start, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àrokò kéékèèké ránṣẹ́ síbi gbogbo tó wà lójú ọ̀nà lọ sí zoom.us, láti ráúta inú ilé, ìyẹn àpótí tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì, títí dé ẹnu ọ̀nà cloud, ìyẹn ilé àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí Zoom ń lò. Ibùdó kan, ìlà kan. Loss % ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ìyẹn iye àrokò tó sọnù nínú ọgọ́rùn-ún. Avrg ló tẹ̀ lé e, iye mílísẹ́kọ́ńdì tí àrokò fi lọ tó fi bọ̀. Àwọn Zoom fúnra wọn ní kí èyí tó sọnù má ju 2% lọ, kí àlọ àtàbọ̀ má sì ju 150 lọ.

Mo tan án kalẹ̀ nígbà tí kíláàsì ń lọ lọ́wọ́. Ìlà àkọ́kọ́ gan-an, 192.168.8.1: 17%. Ráúta tèmi nìyẹn o! Ẹ̀yìn fíríìjì ni mo gbé e há sí, ògiri méjì ló sì wà láàárín wa. Mo gbé e wá sórí tábìlì, 17 di 0. Gbogbo èébú tí mo ti bú àwọn tí mo ń ra dátà lọ́wọ́ wọn, mo rọra gbé e mì.

Ohun kan máa ń ṣi èèyàn lọ́nà níbẹ̀. Ẹ lè rí 60% láàárín, kí ìlà tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 0. Ẹ má pariwo. Aṣọ́bodè tó jẹ́ kí mọ́tò kọjá ni, "ẹ kú iṣẹ́" yín ni kò ráyè dáhùn. Àfi bí ìsọnù bá bẹ̀rẹ̀ níbì kan tó sì bá a lọ títí dé ìsàlẹ̀. Kódà, "No response from host" nísàlẹ̀ pátápátá lè má jẹ́ nǹkan kan, torí ọ̀pọ̀ ilé cloud kì í dáhùn àrokò báyìí.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kẹta 2024, ló wúlò fún mi jù. Wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bà jẹ́ nítòsí Abidjan. Lórí WinMTR mi, ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ mọ́ tónítóní. Láti ìkarùn-ún lọ, gbogbo ẹ̀ ti dákẹ́. Mi ò sún fíríìjì kankan. Mo wá bí mo ṣe fi SMS ránṣẹ́ sí àwọn òbí pé kí wọ́n má dúró dè mí ní Sátidé.

Ó níbi tágbára ẹ̀ mọ. Ní 16 Oṣù Kẹrin 2025, orúkọ zoom.us fúnra ẹ̀ ni wọ́n ṣèèṣì tì pa lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó orúkọ ìkànnì, fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Ọ̀nà dára, orúkọ ni ò sí; WinMTR ò lè rìn lọ síbi tí kò mọ̀. Àrokò ẹ̀ tún yàtọ̀ sí irú èyí tí ohùn àti àwòrán ń gùn lọ, torí náà ó lè ní ọ̀nà dán nígbà tí ohùn ṣì ń já.

Bọ́tìnì Export TEXT, tó ń kó gbogbo nọ́ńbà náà sínú ìwé kan, ni mo fẹ́ràn jù. Látìgbà tí mo ti ń fi ìwé ẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn onídátà, wọn ò sọ pé kí n pa ráúta kí n tún un tàn mọ́. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ìkarùn-ún ṣì wà lọ́wọ́ mi, lẹ́tà ẹ̀ kéré, àfi kí n wá gíláàsì mi kí n tó rí i kà.