Oṣù mẹ́ta tí mo fi kiri ìwé àtọ́ka ìṣèlú

Mo rí i pé ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé tí mo bá ṣiṣẹ́ tún ti ń wá aṣojú tí yóò máa gbé ìwé wọn láti ìlú dé ìlú. Ìwé àtọ́ka ìṣèlú ni: òfin ilẹ̀ àti àwọn àtúnṣe rẹ̀, orúkọ àwọn aṣòfin, èsì ìbò ọdún dé ọdún. Ìwé gidi ni, mi ò lè bú u.

Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ni ìwé àpẹẹrẹ. Wọn kì í di odidi ìwé rù ọ́. Pẹlẹbẹ ni: ojú-ìwé díẹ̀ nínú orí kọ̀ọ̀kan, oríṣi èèpo ẹ̀yìn mẹ́ta, àti ojú-ìwé òfìfo tí oníbàárà máa kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ọgbọ́n àtijọ́ ni o. Ìwé ìrántí Ulysses Grant, ọ̀gágun tó di ààrẹ Amẹ́ríkà, tó jáde níbẹ̀ ní 1885, aṣojú ló kiri rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti jagun abẹ́lé fúnra wọn. Ojú-ìwé orúkọ yẹn lágbára ju ẹnu mi lọ. Tí tíṣà bá ti rí orúkọ ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀, ó ti ń wá báírò.

Wọ́n kọ́ wa pé a ò gbọdọ̀ sọ ẹgbẹ́ tí a ń ṣe. Ó wúlò gan-an. Bàbá kan bá mi jiyàn lórí èsì ìbò. Mo kàn ṣí ojú-ìwé náà fún un, ó kà á fúnra rẹ̀, ó sì ra méjì.

Ọ̀rọ̀ owó: ìgbà tí oníbàárà bá gba ìwé lọ́wọ́ ni èrè tìrẹ tó wọlé. Ẹni 64 ló kọ orúkọ fún mi, 41 ló gba ìwé. Owó ọkọ̀, àpò mi ló ti jáde.

Ibi tó dùn mí jù ni ti ìwé àfikún. Wọ́n ní tí ìbò bá ti parí, àwọn á fi orúkọ àwọn aṣòfin tuntun ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìbò parí, a ò rí nǹkan kan. Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù pè mí: “Ọmọ mi, ìwọ ni mo mọ̀, mi ò mọ ilé iṣẹ́ kankan.” Ojú tì mí. Mo jókòó, mo fọwọ́ kọ gbogbo orúkọ náà, mo sì gbé e lọ bá wọn nílé.

Tí wọ́n bá gbà ọ́, ṣe é. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọjọ́ tí ìwé àfikún máa jáde sínú àdéhùn kí o tó buwọ́ lù ú.