Ẹ ṣọ́ra o: ẹnìkan ń ta katakata kékeré tí táyà rẹ̀ kò bá jíà mu ní agbègbè Houston

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Houston àti agbègbè rẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti ra ilẹ̀ éékà méjì-mẹ́ta sí apá Richmond, Rosenberg àti Katy, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó sanwó katakata kékeré tí ẹ fẹ́ máa fi gé koríko, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára táyà rẹ̀. Oníṣòwò kan wà tó ń ta àlòkù katakata lẹ́bàá títì, ó sì ń polówó wọn lórí Facebook. Á fọ̀ wọ́n, á kùn wọ́n, á wá wọ táyà tuntun sí wọn lẹ́sẹ̀. Táyà tuntun tó ń dán yẹn ló fi ń mú èèyàn.

Ẹ̀gbọ́n wa kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló ra ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè mí, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Àbúrò, wá wo nǹkan yìí o. Kò gé koríko, ńṣe ló ń hú u." Mo débẹ̀, mo fojú ara mi rí i. Gbogbo ibi tí katakata náà ti yí po ni koríko St. Augustine tí wọ́n fowó gbìn ti ká kúrò nílẹ̀, ìtàkùn rẹ̀ já, amọ̀ dúdú abẹ́ rẹ̀ sì yọ síta. Ibi tí abẹ ti gé e gan-an kò tẹ́jú, orí koríko fàya, ó sì ti ń pọ́n. Mo wo táyà iwájú: 20x10.00-10 (20 tó ṣáájú yẹn ni gíga táyà ní íǹṣì). Táyà ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbá gọ́ọ̀fù ni. Ti ẹ̀yìn jẹ́ 26x12.00-12, bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é. Ìwé ìlò katakata náà sọ ọ́ kedere pé 18x8.50-10 ló yẹ kó wà níwájú.

Ẹ lè rò pé íǹṣì méjì péré, kí ló lè ṣe? Ohun tó lè ṣe pọ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ló jẹ́ pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Katakata kékeré tó ní fọ́wíìlì, ìyẹn èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń fà, kò rí bẹ́ẹ̀: táyà iwájú kéré, ti ẹ̀yìn tóbi, ẹ́ńjìnnì kan náà ló sì ń yí méjèèjì. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe jíà rẹ̀ kí ó bá ìwọ̀n méjèèjì mu. Ẹ wo Kubota BX2380 tàbí John Deere 1025R, tí àwọn èèyàn wa máa ń rà jù: 18x8.50-10 níwájú, 26x12.00-12 lẹ́yìn. Wọ́n máa ń jẹ́ kí táyà iwájú fi díẹ̀ yá ju ti ẹ̀yìn lọ, bí ìdá 1 sí ìdá 5 nínú 100, kí iwájú lè máa fa ara rẹ̀ lọ. Bí ẹnìkan bá wá fi táyà 20 rọ́pò 18, gbogbo ìgbà tí táyà yẹn bá yí lẹ́ẹ̀kan, á fẹ́ lọ jìnnà sí i ní ìdá 11 nínú 100. Iwájú ń sáré, ẹ̀yìn kò lè bá a, jíà sì ti so wọ́n pọ̀. Lórí koríko, táyà á máa yọ̀, á máa ha ilẹ̀, ohun tí ẹ̀gbọ́n rí nìyẹn. Lórí kọnkéré, kò sí ohun tó máa yọ̀, gbogbo agbára náà á padà sínú jíà iwájú. Ẹ̀gbọ́n sọ fún mi pé bí àwọn bá wà á wọ inú gáréèjì, ọ̀pá fọ́wíìlì kì í fẹ́ jáde mọ́, àfi kí àwọn fà á padà sẹ́yìn díẹ̀. Bí ẹ bá rí èyí, jíà ti ń jìyà nìyẹn. Ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó já, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá já, owó tí ẹ máa ná kò ní kéré.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n pe oníṣòwò náà, ó ní kí wọ́n máa fi táyà ẹ̀yìn nìkan ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni pé bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, kò yẹ kí èèyàn máa fi fọ́wíìlì gé koríko. Ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n, ó sọ̀ kalẹ̀ gan-an lọ sí odò. Lórí ọ̀pọ̀ katakata kékeré, táyà ẹ̀yìn nìkan ni búrèkì ń mú. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láìsí fọ́wíìlì, tí ẹ̀yìn katakata sì fúyẹ́, lè bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀ lọ láìní ohun tó máa dá a dúró. Ẹ̀mí èèyàn la ń sọ yìí. Mi ò lè fojú fo irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ẹni tó ń ta ẹ̀rọ.

Yàtọ̀ sí fọ́wíìlì, abẹ náà kò dúró bó ṣe yẹ mọ́. Ẹ̀rọ ìgékoríko tó wà lábẹ́ ikùn katakata yìí so mọ́ ara rẹ̀ ni, bí ara bá gbé sókè níwájú, òun náà á gbé sókè. Bó ṣe yẹ kí abẹ wà ni pé kí iwájú rẹ̀ fi bí ìdámẹ́jọ sí ìdámẹ́rin íǹṣì rẹlẹ̀ ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, kó lè gé koríko lẹ́ẹ̀kan kó sì jù ú síta. Táyà tó fi íǹṣì méjì tóbi jù gbé iwájú sókè ní íǹṣì kan. Láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn tó tó bí íǹṣì 55, ìyẹn máa ń mú kí iwájú abẹ oní-íǹṣì 20 ga sókè ju ìdámẹ́ta íǹṣì lọ. Ó túmọ̀ sí pé ẹ̀yìn abẹ ló wá ń gé koríko báyìí.

Mo lọ sí ọgbà oníṣòwò náà fúnra mi. Mo rí òmíràn níbẹ̀ tó wọ 23x10.50-12 sí lẹ́yìn dípò 26. Ìyẹn náà bà á jẹ́: katakata á máa lọ lọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ ní bí ìdá 11 nínú 100, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì wálẹ̀ ní íǹṣì kan àbọ̀. Ó ń sọ fún ẹnìkan lójú mi pé táyà ńlá máa ń jẹ́ kí abẹ yára. Irọ́ ni. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí abẹ láti ojú PTO, ìyẹn ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí ẹ̀rọ tí a so mọ́ katakata, táyà kò mọ̀ nípa rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn tó tóbi á kàn jẹ́ kí katakata sáré lórí koríko kí abẹ tó gé e tán, á tún dín agbára rẹ̀ kù lórí òkè.

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ ọ̀kan wò, ẹ mú ṣọ́ọ̀kì àti téèpù dání. Ẹ yọ fọ́wíìlì. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ìsàlẹ̀ táyà iwájú àti ilẹ̀, ẹ jẹ́ kó yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ wọn bó ṣe lọ tó. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti ẹ̀yìn. Ẹ fi ti iwájú pín ti ẹ̀yìn. Fún 26 àti 18, ó yẹ kí ẹ rí nǹkan bí 1.44, ti ẹ̀gbọ́n jẹ́ 1.3. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fọ́wíìlì wà á lórí koríko, ẹ yí po, kí ẹ gbìyànjú láti yọ ọ̀pá fọ́wíìlì; bí kò bá fẹ́ jáde, ẹ fura. Táyà oko tí eyín rẹ̀ ga kò dára fún koríko ilé rárá, ẹ má jẹ́ kó tà á fún yín pé ó lágbára.

Oníṣòwò náà ń sọ fún ẹ̀gbọ́n pé "as is" lòun tà á, ìyẹn ni pé bó ṣe wà lòun ṣe tà á. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í bo ẹni tó parọ́ kó tó tajà ní Texas. Òfin DTPA ti 1973, tó ń dáàbò bo oníbàárà lọ́wọ́ ẹ̀tàn, wà fún irú èyí: ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí i, ẹ fún un ní ọjọ́ 60, lẹ́yìn náà ẹ lè gbé e lọ sí Justice Court, ilé ẹjọ́ kékeré, bí owó náà kò bá ju $20,000 lọ. Ẹ ya fọ́tò ìpolówó rẹ̀ kí ó tó yọ ọ́. Lẹ́tà ẹ̀gbọ́n ti lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, kó fi fọ́tò ẹ̀gbẹ́ táyà ránṣẹ́ sí mi, kí a lè jọ gbé e dìde. Ó ti yọ ìpolówó tẹ́lẹ̀ kúrò, ó sì ti gbé òmíràn síta. Ẹ fa àwòrán náà tóbi, ẹ ó rí 20x10.00-10 lára táyà iwájú.