Anthurium clarinervium: ewé náà tó owó ẹ̀, erùpẹ̀ tí wọ́n fi gbìn ín ni kò tó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè bóyá kẹ́ ẹ náwó lé Anthurium clarinervium, fláwà inú ilé tí wọ́n ń polówó káàkiri yìí, èmi ní kẹ́ ẹ rà á. Àmọ́ bó bá ti délé, ẹ tú u kúrò nínú ohun tí wọ́n fi gbìn ín wá. Tèmi ti wà nínú pálọ̀ n'Íbàdàn, ó ti rí òjò, ó ti rí ọyẹ́, ó ti rí ọwọ́ àwọn ọmọ. Ohun tójú mi rí ni mò ń sọ.

Orí Instagram ni mo ti bá ẹni tó tà á pàdé, Èkó ló sì ti fi ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ èrò. Fláwà oníewé mẹ́ta ni, pẹ̀lú ìkòkò ike funfun, ìgò tí wọ́n fi ń fọ́n omi, ajílẹ̀ inú ọ̀rá kékeré kan àti káàdì ìtọ́jú. Ní ti bí wọ́n ṣe dì í, mi ò lè rojọ́ wọn: ìwé ìròyìn ni wọ́n fi wé ewé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí èyí tó ya, kò sí èyí tó ṣẹ́. Wọ́n sì ta ohun tí wọ́n pè é gan-an fún mi. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré, torí àwọn kan máa ń ta Anthurium crystallinum lórúkọ clarinervium. Nínú fọ́tò, àwọn méjèèjì jọra púpọ̀: ewé ṣíṣú tójú rẹ̀ rí bí aṣọ àrán, iṣan funfun tó là á káàkiri. Ọwọ́ lẹ máa fi dá wọn mọ̀. Ewé crystallinum fẹ́lẹ́. Ti clarinervium nípọn, ó le, ẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n gbàrà tẹ́ ẹ bá fi ìka méjì mú etí rẹ̀. Ní ìdí ewé náà, àyè tó wà láàárín etí méjèèjì sábà máa ń há débi pé ọ̀kan á fẹ́ gun èkejì.

Chiapas ló ti wá, ní gúúsù Mẹ́síkò. Eizi Matuda, onímọ̀ ewéko tí wọ́n bí ní Japan àmọ́ tó fi Mẹ́síkò ṣe ilé, ló fún un lórúkọ ní 1952. Orí òkúta ló ń hù sí níbẹ̀, òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ń wà l'Éwékorò láti fi ṣe sìmẹ́ńtì. Gbòǹgbò rẹ̀ kì í wọ ilẹ̀ lọ jìnnà. Ó ń dì mọ́ òkúta, láàárín ewé jíjẹrà díẹ̀. Òjò á rọ̀, omi á ṣàn kọjá, atẹ́gùn á sì fẹ́ sí gbòǹgbò náà títí á fi gbẹ. Ibẹ̀ yẹn ni gbogbo ìtọ́jú rẹ̀ ti wá.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n kó o sí. Ilẹ̀dú ni, tí wọ́n pò mọ́ ìgbẹ́ adìẹ, tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ dan-in dan-in, tó sì rin gbindin. Ilẹ̀ tó dáa ni fún ẹ̀fọ́ ṣọkọ. Mo da ìkòkò náà dojú dé, òórùn tó jáde níbẹ̀ ti ṣàlàyé tán kí n tó fojú rí nǹkan kan. Mo ṣan gbòǹgbò rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Àwọn tó yè nípọn, wọ́n funfun, wọ́n sì le lọ́wọ́. Àwọn tó ti kú ti di bráwùn; bí mo ṣe fà wọ́n báyìí, èèpo wọn bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó wá ku okùn tínrín kan láàárín. Èyí tí mo gé dànù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ìkòkò funfun náà, kò tiẹ̀ ní ihò nídìí. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á, èsì tó fún mi ni pé kí n máa fọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́ bí káàdì ṣe wí. Ibẹ̀ ni mo ti yọ máàkì lára wọn.

Àwọn tó ń kọ́ni lórí YouTube á ní kẹ́ ẹ ra èèpo igi tí wọ́n fi ń gbin fláwà orchid, pẹ̀lú perlite, ìyẹn òkúta funfun wẹ́wẹ́ tó fúyẹ́. Wọ́n ń tà wọ́n níbí lóòótọ́, àmọ́ bẹ́ ẹ bá ra àwọn yẹn tán, ẹ lè máà rówó ra fláwà mọ́. Ọjà ni mo gbà lọ ní tèmi. Háhá àgbọn ò wọ́n. Ìyá tó ń ta àgbọn ń dà á nù ni, ẹ bẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó lè fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi pupa tó jáde lára rẹ̀ nù, kẹ́ ẹ tún un rẹ, torí iyọ̀ lè wà nínú rẹ̀. Ẹ wá èédú kún un, èédú igi gidi tí kò tíì fara kan kẹrosíìnì, kẹ́ ẹ fọ́ ọ, kẹ́ ẹ sì jọ̀ ọ́ kí èyí tó kúnná lè kúrò. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ táwọn bíríkìlà ń lò sí i. Ilẹ̀dú náà láyè díẹ̀ níbẹ̀, ìkúnwọ́ kan péré. Bẹ́ ẹ bá bomi sí i, kí omi ti máa dà nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ife kúrò lókè. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀dú yín ti pọ̀ jù.

Láti ìgbà tí mo ti pààrọ̀ ilé fún un ló ti ń yọ ewé. Kì í yára o, ẹni tó bá fẹ́ fláwà tó máa kún pálọ̀ lọ́dún yìí, kó ra nǹkan míì. Àmọ́ ewé tuntun rẹ̀ tó ó wò. Àwọ̀ bàbà ló fi ń jáde, ó ń dán, ó sì rọ̀ jọ̀ngbọ̀lọ̀ débi pé apá aṣọ lè ya á bó bá gbá a lára. Á dorí kodò, á máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ bàbà yẹn á máa ṣí kúrò. Bó bá fẹ̀ tán ló tó máa ń le, dídán rẹ̀ á lọ, iṣan funfun á wá là kedere. Ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án lásìkò yẹn. Mo ti kéde rẹ̀ nílé.

Ìyá ọkọ mi wá kí wa, wọ́n dúró tì í títí.

"Ìyàwó, kókò wo lẹ gbìn sínú ilé yìí?"

"Fláwà ni, mà. Kì í ṣe kókò."

"Èló lẹ rà á?"

Mo yáa bi wọ́n bóyá kí n gbé oúnjẹ wá.

Màmá ò sì jìnnà sóòótọ́: ẹbí kan náà ni òun àti kókò, Araceae. Ohun tó ń jẹ́ kí kókò tútù máa yúnni lọ́fun wà lára èyí náà, nítorí náà ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ tó ń rá ò ní tó, tí ajá ò sì ní rí i jẹ.

Ìmọ́lẹ̀ ò ni mí lára púpọ̀. Ẹ̀gbẹ́ wíńdò tó kọjú sí ìlà oòrùn ló wà, oòrùn àárọ̀ ń kàn án díẹ̀ látẹ̀yìn kọ́tìnì. Oòrùn ọ̀sán máa ń jó ewé rẹ̀. Ajílẹ̀ inú ọ̀rá yẹn dáa, ìdajì iye tí wọ́n ní ká lò ni mò ń pò mọ́ omi.

Ọyẹ́ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nígbà òjò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wa níbí tó o. Bó bá di oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, eruku á bò ó, etí ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ẹni tó bá sì tún tan éésì sí i lórí ti bá ọyẹ́ ṣiṣẹ́. Ìgò tí wọ́n fi ń fọ́n omi ò ràn án lọ́wọ́: lásìkò ọyẹ́, kí n tó dé kíṣìn omi náà ti gbẹ; lásìkò òjò, ó ń jókòó sórí ewé títí á fi di àmì dúdú. Aṣọ tí mo bá fẹ́ lọ̀ ni mò ń fi ìgò náà fọ́n báyìí, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀. Wọ́n tún fẹ́ ta ẹ̀rọ tó ń tú ìkùukùu omi fún mi. Iná wo ni màá fi tàn án?

Mo gbé e kúrò níbi tí fáànù ń fẹ́ sí, mo kó o mọ́ àwọn fláwà yòókù, mo wá gbé ìkòkò rẹ̀ lé òkúta nínú abọ́ omi, láìjẹ́ kí ìdí rẹ̀ kan omi. Ẹ má fi aṣọ tútù nu eruku ara rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí wọ́n fi ń kun àtíkè ló dáa jù. Kẹ́ ẹ sì máa yẹ abẹ́ ewé wò, torí ìgbà ọyẹ́ náà ni àwọn kòkòrò wínníwínní tó ń ta òwú bíi ti aláǹtakùn máa ń dé. Bẹ́ ẹ bá tètè rí wọn, omi ọṣẹ díẹ̀ tó wọn.

Tí wọ́n bá ní kí n tún ra òmíràn lọ́wọ́ ẹni yẹn, màá rà. Màá kàn sọ fún un pé kó gbọn erùpẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò, kó fi háhá tútù wé e, kó yọ owó ìkòkò àti ìgò kúrò nínú iye tó bá pè, kó sì fi ewé nìkan ránṣẹ́ sí mi.