Àpótí ike méjìlá tí mo rà ní Òkè-Ajé fún àgékù aṣọ mi

Ike tí mò ń wí yìí, àwọn ọmọ ilé-ìwé ló ni ín. Òun ni wọ́n fi ń kó bébà lọ síbi ìdánwò. Ó rí pẹlẹbẹ, ó mọ́ gaara débi pé ẹ máa rí ohun tó wà nínú rẹ̀ láìṣí i, ìdérí rẹ̀ so mọ́ ọn lẹ́yìn, ìdè kan sì wà níwájú tó máa ń dún kọ́ bí ẹ bá tì í. Mo ra méjìlá lọ́jà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, oṣù karùn-ún rèé tí mo ti ń lò wọ́n. Ègé aṣọ ni mo kó sínú wọn.

Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi ti pé ọdún 22 ní àdúgbò Fọlágbadé. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú mọ bí Iléyá ṣe ń rí fún àwa aránṣọ. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní aṣọ tí wọ́n jọ mú, kò sì sí ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí tiwọn rẹlẹ̀. Tọ̀sán-tòru la fi ń rán ìró àti bùbá àti agbádá. Bí ariwo bá lọ sílẹ̀ tán, àgékù á kún àpò ìrẹsì méjì, mẹ́ta nígbà mìíràn. Tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń fi í ki inú tìmùtìmù ni mo máa ń kó wọn fún. Ó máa ń dùn mí, nítorí mo mọ iye tí oníbàárà ra yáàdì kan.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi ìwé àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ má kó àgékù yín fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ fi rán quilt fún ọmọ tí mo fẹ́ bí." Quilt ni aṣọ ìbora alẹ̀pọ̀ tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń rán: wọ́n á rán ègé kéékèèké pọ̀ di ojú aṣọ, wọ́n á tẹ́ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ rẹ̀, aṣọ mìíràn á wà nísàlẹ̀, wọ́n á wá rán ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Irú èyí tí mo mú ni wọ́n ń pè ní sampler. Búlọ́ọ̀kù méjìlá ni, ìyẹn onígun mẹ́rin ńlá tí a fi ègé kéékèèké rán pọ̀, mẹ́ta ní ìbú, mẹ́rin ní gígùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 12 ínǹṣì nígbà tó bá parí, kò sì sí èyí tó jọ èkejì nínú wọn.

Àìjọra yẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀. Bí búlọ́ọ̀kù bá jẹ́ oríṣi kan, ẹ ó kàn gé igba onígun mẹ́rin, ẹ ó to gbogbo rẹ̀ jọ, kò sí èyí tí ẹ mú tí kò bá a mu. Sampler kò rí bẹ́ẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ń pè ní Nine Patch ní ègé 9. Churn Dash ní 17. Ohio Star ní 21. Log Cabin tí mo yàn náà ní 21. Ìwọ̀n wọn sún mọ́ra gan-an, ¼ ínǹṣì sì ni gbogbo àyè ìrán tí ẹ ní. Àwa télọ̀ ti mọ́ lára láti fi àyè sílẹ̀ nínú aṣọ kí oníbàárà tó bá sanra lè rí i tú. Quilt kò gba ìyẹn. Bí ègé kan bá ṣì, gbogbo búlọ́ọ̀kù ló ṣì.

Kí n tó mọ ike yìí, ọ̀rá onísíìpù ni mo ń lò, búlọ́ọ̀kù kan sí ọ̀rá kan. Kò dára. Ègé aṣọ á kó jọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀rá, ṣóńṣó igun wọn á ká, gbogbo ìgbà tí mo bá kó wọn jáde ni mo gbọ́dọ̀ tún lọ̀ wọ́n. Mo gbìyànjú kírétì ẹyin pẹ̀lú. Ó gba ègé tí kò ju 1½ ínǹṣì lọ, èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ kò wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ kan ló jẹ́ kí n dìde lọ sọ́jà. Mo ti gé Churn Dash tán, mo sì ti gé Sawtooth Star, èyí tí èmi ń pè ní Ìràwọ̀ Eyín Ayùn. Ankara aláwọ̀ ewé kan náà ni mo lò fún méjèèjì. Mo tẹ́ wọn sórí tábìlì nínú iná àtùpà, mo to ti ọ̀tún sí ọ̀tún, ti òsì sí òsì. NEPA kàn mú iná dé. Fáànù òkè tí mo ti gbàgbé pé mo tàn bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kí n tó dé ìdí ṣúwíìṣì, aṣọ ti fọ́n ká ilẹ̀. Mo ṣà wọ́n, mo pín wọn padà bí ojú mi ṣe rí i, mo rán an.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ojú mi kò rí, nítorí ó lè ṣe ẹnikẹ́ni. Onígun mẹ́ta Churn Dash, inú onígun mẹ́rin 4⅞ ínǹṣì la ti ń gé e, a ó là á sí méjì láti igun dé igun. Ti Ìràwọ̀ wá láti inú onígun mẹ́rin 7¼ ínǹṣì tí a là sí mẹ́rin. Ẹ gbé méjèèjì sílẹ̀: ẹ̀gbẹ́ kúkúrú ti àkọ́kọ́ jẹ́ 4⅞, ti èkejì jẹ́ nǹkan bí 5⅛. Ìyàtọ̀ wọn kò ju ¼ ínǹṣì lọ. Èyí tó wá burú jù ni bí òwú aṣọ ṣe rìn. Ọ̀kan tí a là sí méjì, ẹ̀gbẹ́ kúkúrú rẹ̀ méjèèjì ló tẹ̀lé òwú, ẹ̀gbẹ́ gígùn ló jẹ́ báyáásì, èyí tó gé òwú kọjá ní ìdábùú, tó sì máa ń nà. Ọ̀kan tí a là sí mẹ́rin jẹ́ ìdàkejì: ẹ̀gbẹ́ gígùn ló tẹ̀lé òwú. Nínú Ìràwọ̀, ẹ̀gbẹ́ gígùn yẹn ló máa wà ní etí búlọ́ọ̀kù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí a gé e báyẹn, kí etí má bàa nà. Èmi ti kó ti Churn Dash síbẹ̀. Nígbà tí mo gbé áyọ̀ọ̀nù lé e, etí rẹ̀ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í rú bí etí síkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fà nígbà tí wọ́n ń ká a, àwọn ṣóńṣó ìràwọ̀ sì ti wọnú ojú ìrán lọ. Mo jókòó, mo tú u látòkèdélẹ̀. Ẹni tó ti tú ojú ìrán kékeré lára ankara mọ̀ pé ihò abẹ́rẹ́ kì í lọ bọ̀rọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo mú tépù àti páálí kan tí mo gé dání lọ sí Òkè-Ajé. Mo wo ike oúnjẹ, mo wo àpótí onídùrọ́ọ̀. Ike oúnjẹ jìn jù, ègé á gun ara wọn. Ìyá kan tó ń ta ohun èlò ilé-ìwé àti ike ló fi pẹlẹbẹ yìí hàn mí. Inú rẹ̀ jẹ́ 12 ínǹṣì ní gígùn, 9 ní ìbú. Ó jẹ́ kí n wọn ún, ó jẹ́ kí n gbé páálí mi sí i, kò kanra rárá. "Màmá, ẹ fara balẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa," ló ń sọ. ₦1,800 ló pè é, a jọ ná an, mo san ₦19,000 fún méjìlá. Nígbà tí mo délé, ìdè ọ̀kan kò mú. Mo gbé e padà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó pààrọ̀ rẹ̀ láìjà. Torí ìyẹn nìkan mo máa padà lọ bá a.

Bí mo ṣe ń lò ó rèé. Mo gé páálí méjì tó wọnú ike kọ̀ọ̀kan, mo fi ègé búláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bo ojú wọn, nítorí òwú aṣọ máa ń di búláńkẹ́ẹ̀tì mú, kì í yọ̀. Ìwé àwòrán ti fún ègé kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà: A, B, C. Mo kọ lẹ́tà náà sára téèpù bébà tí àwọn akunlé ń lò, pẹ̀lú iye tó yẹ kó wà níbẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ èyí tó wà lókè. Fún Ìràwọ̀ Eyín Ayùn, àárín kan ni, igun mẹ́rin, onígun mẹ́ta ńlá mẹ́rin, kékeré mẹ́jọ. Bí mo bá gbé ike sókè sí ojú iná, mo lè kà á láìṣí i. Ẹ má fi áyọ̀ọ̀nù gba orí téèpù yẹn kọjá o, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á dúró sára aṣọ.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé mo lè to ègé bí wọ́n ṣe máa wà nínú búlọ́ọ̀kù gan-an, apá kan lórí páálí àkọ́kọ́, ìyókù lórí èkejì. Bí oníbàárà bá wọlé tó fẹ́ kí n wọn òun, mo ti ìdérí, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, iṣẹ́ mi kò bàjẹ́. Fáànù kò ní ipá kankan lórí rẹ̀ mọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi kékeré tí kò tíì mọ quilt rárá, mo ní kó mú C wá, C gan-an ló mú wá.

Ó ní àléébù, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó náwó. Log Cabin, ẹ̀là tín-ín-rín ni gbogbo rẹ̀ àfi àárín, 1½ ínǹṣì ní ìbú, gígùn wọn sì ń lọ láti 2½ títí dé 12½. Ẹ̀là tó gùn jù kò wọlé tààrà. Mo ní láti fi í lélẹ̀ láti igun kan dé igun kejì, mo sì fi nọ́ńbà 1 dé 21 sára gbogbo wọn, torí ẹ̀là 8½ àti 9½ kò yàtọ̀ lójú ẹni tó ti rẹ̀. Ẹni tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ bá ju 12 ínǹṣì lọ, kó wá èyí tó tóbi ju èyí lọ.

Kì í sì í mí. Nínú òjò oṣù kẹfà, mo kó àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí mo rà ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú aṣọ funfun sínú ike kan, àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ áyọ̀ọ̀nù tó ń mú oóru omi jáde. Mo tì í. Nígbà tí mo ṣí i lọ́jọ́ kejì, aró ti kọ ara rẹ̀ sára funfun, ègé mẹ́rin bàjẹ́. Ẹ̀bi ike nìkan kọ́, mi ò fọ àdìrẹ náà tó. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́, ẹ jẹ́ kí aṣọ tutù kó sì gbẹ kí ẹ tó tì í, ẹ fi bébà funfun sáàárín.

Ìdè rẹ̀ náà kò lágbára. Méjì ti kán nínú méjìlá láàárín oṣù márùn-ún, rọ́bà ni mo fi ń dè wọ́n báyìí. Ẹ má sì gbé e nàró, ẹ tò ó lérí ara wọn.

Nínú márùn-ún, mo fún un ní mẹ́rin. Ẹni tó ń rán búlọ́ọ̀kù oríṣi kan kò nílò rẹ̀, kó fi owó rẹ̀ ra òwú. Ẹni tó bá mú sampler, kó rà á kó tó gé aṣọ àkọ́kọ́. Búlọ́ọ̀kù mẹ́sàn-án mi ti parí, gbogbo wọn sì jẹ́ 12½ ínǹṣì géérégé kí n tó rán wọn mọ́ra.

Bí ẹ bá ń lọ sí Òkè-Ajé, ẹ mú tépù yín dání, kí ẹ sì ti ìdè ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta níwájú ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó.