Principia àbí Opticks: èwo nínú ìwé Newton ni kí ẹ kọ́kọ́ rà?

Bí ẹyọ kan ṣoṣo lowó yín ká, Opticks ni kí ẹ rà. Mo mọ̀ pé Principia lorúkọ rẹ̀ tóbi jù. Òun náà ni àwọn èèyàn ń rà, tí wọ́n á gbé e sórí pẹpẹ ìwé, tí eruku á sì máa bò ó. Isaac Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ méjèèjì. Principia jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1687, ìrìn àwọn nǹkan àti agbára òòfà tó ń fa nǹkan wálẹ̀ ló dá lé. Opticks tẹ̀lé e ní 1704, ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ ni tirẹ̀.

Látìn ni Newton fi kọ Principia, jiọ́mẹ́tírì sì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ìpín mẹ́ta ló pín in sí. Níbẹ̀rẹ̀ ìpín kẹta, ó jẹ́wọ́ pé òun ti kọ́kọ́ kọ ibẹ̀ lọ́nà tí yóò fi yé ọ̀pọ̀ èèyàn, kí òun tó sọ ọ́ di ìṣirò nítorí àtiyẹra fún àríyànjiyàn. Àwa tó ń ra ìwé náà lónìí la wá ń san gbèsè àríyànjiyàn yẹn.

Opticks ò rí bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló sì ń rò fún wa. Ó jẹ́ kí iyàrá ṣókùnkùn biribiri, ó lu ihò róbótó sára fèrèsé, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ínǹṣì, ó gbé dígí onígun mẹ́ta síbẹ̀, àwọ̀ òṣùmàrè sì tò sára ògiri. Ẹ lè ṣe é nílé. Páálí ni èmi fi dí fèrèsé tèmi, owó dígí tí mo rà kò sì tó ìdajì owó ìwé náà. Ìgbà tí mo rí pupa ní ìkángun kan, tí elésè àlùkò wà ní ìkángun kejì, ni ojú ìwé tí mo ti kà lẹ́ẹ̀mẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi.

Ẹ̀dà Opticks tó yẹ kò ṣòro yàn. Ilé ìtẹ̀wé Dover tẹ ọ̀kan jáde ní 1952, Einstein ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, owó rẹ̀ ò sì wọ́n. Àtẹ̀jáde kẹrin, ti 1730, ni wọ́n tẹ̀lé, ibẹ̀ gan-an lèrè wà. Newton to àwọn ìbéèrè tí kò rí ìdí wọn tán sẹ́yìn ìwé náà. 16 ni wọ́n ní 1704. Nígbà tí àtẹ̀jáde Gẹ̀ẹ́sì kejì fi máa jáde, wọ́n ti di 31. Ó ń béèrè bóyá àwọn nǹkan lè ti òkèèrè tẹ ìtànṣán ìmọ́lẹ̀. Àwọn ojú ìwé tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn, torí pé ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ máa ń dá lójú yìí wá ń ṣe bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ra ẹ̀dà tí wọ́n fi ti 1704 tẹ̀, ẹ ti pàdánù nǹkan bí ìdajì wọn.

Principia ló ní wàhálà. Ìtumọ̀ Andrew Motte (1729) ló pọ̀ lórí àtẹ, torí pé ẹnikẹ́ni ló lè tún un tẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti gbó. Ẹ tún lè bá ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú pàdé, tí àwòrán rẹ̀ ti ṣá tàbí tí kò sí rárá. Jiọ́mẹ́tírì láìsí àwòrán, kí lẹ fẹ́ kà níbẹ̀? Ìtumọ̀ I. Bernard Cohen àti Anne Whitman, tí University of California Press tẹ̀ ní 1999, ni kí ẹ tọ́jú owó dè. Ó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù: àlàyé Cohen nìkan lé ní 300 ojú ìwé kí Newton tó lanu. Àlàyé yẹn lẹ ń fowó rà. Ẹ ṣọ́ra o, ilé ìtẹ̀wé kan náà ti tẹ ìtumọ̀ náà lásán jáde, láìsí àlàyé. Ẹ wo èèpo ìwé dáadáa bóyá “Guide” wà nínú àkọlé.

Kò pọn dandan kí ẹ kà á tán. Newton fúnra rẹ̀ ní ó tó kí èèyàn ka àwọn ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, òfin ìrìn, àti abala mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ìpín kìíní, kó wá fò sí ìpín kẹta, níbi tó ti fi hàn pé agbára tó ń fa òkúta wálẹ̀ náà ló so òṣùpá mọ́ ayé.

Ti ẹ̀dà 1687 gan-an, ẹ gbàgbé ẹ̀. Wọ́n ta ọ̀kan ní gbàǹjo Christie's ní New York ní 2016 ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 3.7 dọ́là. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́, Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù, kò lówó lọ́wọ́. Wọ́n ti ná an sórí ìwé ńlá kan nípa ẹja. Àpò Edmond Halley, onímọ̀ ìràwọ̀, ni owó ìtẹ̀wé ti jáde.

Ìwé Christiaan Huygens, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Netherlands, lórí ìmọ́lẹ̀ (1690) náà yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Opticks. Ìgbì ló ní ìmọ́lẹ̀ jẹ́, nígbà tí Newton fì sí i pé hóró wẹ́wẹ́ ni. Méjèèjì wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní Project Gutenberg, ibi ìkówèésí orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ka ojú ìwé mẹ́wàá níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ní ti Principia, Cambridge Digital Library gbé ẹ̀dà tí Newton fúnra rẹ̀ ń lò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú àtúnṣe tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sétí ojú ìwé.